Ọ̀ràn Ta Ló Yàn?

Ní Odò-Ẹrẹ̀, níbi tí a ti ń kọ èyí, àlejò tó bá ti gbọ́ bí a ṣe ń kíra wa, "Okun o!", ti mọ orúkọ wa nìyẹn. Ìkíni ló di orúkọ Yàgbà, Òwé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ lápapọ̀. Nítorí náà, kò yà wá lẹ́nu pé gbólóhùn ẹnu lásán lè di orúkọ ọmọ ọba. Bí wọ́n ṣe ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jà ló ń yà wá lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọ̀rànmíyàn. Ìtàn ní Ògún mú obìnrin kan lẹ́rú lójú ogun, ó bá a sùn, kó tó fà á lé Odùduwà bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, òun náà bá fi í ṣaya. Nígbà tí ọmọ dé, apá kan ara rẹ̀ pupa, apá kejì dúdú. "Ọ̀ràn mí yàn!" Ìyẹn ni pé, ohun tí mo wí rí bẹ́ẹ̀. Yàn àtijọ́ nìyẹn o, kì í ṣe èyí tí a fi ń yan olórí, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń yan fanda.

Àmọ́ ta ló ni "mi" yẹn? Àwọn kan ní Ògún ló pariwo, àwọn mìíràn ní Odùduwà ni. Ṣebí àwọ̀ ọmọ náà gbe àwọn méjèèjì! Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí wọn ò tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, Ọ̀rànyàn ló máa ń pè é, ọmọ-ọmọ Odùduwà ló sì kà á sí. "Mi" ti bọ́ sọnù níbẹ̀. Ọ̀ràn yàn, kò sẹ́ni tó ni ẹjọ́. Lójú tiwa, orúkọ ló bí ìtàn bàbá méjì yìí, kì í ṣe ìtàn ló bí orúkọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rànmíyàn fi Benin sílẹ̀, ó ní ilẹ̀ ìbínú ni. Ọmọ tí Erinmwinde ará Egor bí fún un kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá fi èso akhue méje ránṣẹ́ sí i pé kó máa fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ju èso, tó sì bà á, ẹnu rẹ̀ là: "Ọwọ́ mí ká a!" Ó di Owomika, ó di Eweka, ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó wà lórí oyè ní Benin títí dòní.

Ní 2004, Ọba Erediauwa gbé ìwé jáde. Ó ní Odùduwà gan-an ni Ekaladerhan, ọmọ ọba Benin tí wọ́n lé kúrò nílé, àti pé Izoduwa lorúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ lédè Ẹ̀dó sí pé ó ti yan ọ̀nà ọlà. Ifẹ̀ fárí gá. Ẹni tó bá ní eré ọ̀rọ̀ lásán ni Izoduwa, kó rántí pé eré ọ̀rọ̀ náà ni Owomika.

Síbẹ̀ a ò ní fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n kan náà. Jacob Egharevba, ọmọ Ẹ̀dó, ló kọ ìtàn Owomika sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1934. Ọmọ Ẹ̀dó ń túmọ̀ orúkọ ọba Ẹ̀dó, èdè Yorùbá ló fi túmọ̀ rẹ̀. Kò sọ fún wa bóyá ọmọ kan yadi rí ní Egor. Èdè tí àwọn tó kọ́kọ́ pa ìtàn náà gbọ́ ló ń sọ.