Oṣù Kẹta Ẹ̀gbá, Oṣù Kẹwàá Òwu

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta kò nílò kàlẹ́ńdà. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, tí oòrùn wá ń ta lórí Olúmọ, ọdún Lísàbí ti dé nìyẹn. Bí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, tí èrò aláṣọ ẹgbẹ́ sì pọ̀ ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú, ó ti kan àwa Òwu. Láàárín méjèèjì, eégún á jáde, Orò á ké (èmi obìnrin, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ), Iléyá tí òṣùpá ń gbé kiri á sì bọ́ sí ibi tó bá wù ú.

Wọ́n máa ń bi mí ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì pé, "Ṣé Òwu náà ni Ẹ̀gbá?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́, inú ọdún méjèèjì yìí ló sì wà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1700, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ẹ̀gbá wà. Àwọn ìlàrí Aláàfin ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lísàbí, àgbẹ̀ ni. Ó kó àwọn ènìyàn jọ bí ẹni ń ṣe àárò, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, kó tó di pé ẹgbẹ́ àárò di ọmọ ogun, wọ́n sì pa àwọn ìlàrí kúrò nílẹ̀ wọn. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí Òwu kankan níbẹ̀. Ìlú ńlá tó dá dúró ni Òwu nígbà yẹn, ó ní ọba rẹ̀, ó ní odi rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjà Àpòmù ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé níbẹ̀ tà, Òwu lọ fìyà jẹ àwọn ìlú Ifẹ̀ tí wọ́n ní ọwọ́ nínú rẹ̀, Ifẹ̀ sì bá Ìjẹ̀bú pọ̀ láti gbẹ̀san. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú. Agẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ ni Òwu mú dání. Síbẹ̀ ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi dó ti ìlú náà kí ebi tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní àwọn ọdún 1820. Wọ́n fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Ọmọ ogun yẹn ò tú ká o! Ìlú Ẹ̀gbá ni wọ́n kàn, wọ́n ń fọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló gbé Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, òun kan náà ló sì gba àwọn Òwu mọ́ra ní 1834. Iná kan ló jó ilé àwa méjèèjì.

Oṣù kẹta tí a fi ń yọ̀ yìí náà, oṣù ogun ni. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851 ni Dàhòmì ti ọba Gezo kọlu Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1864 ni ti Glele. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: odò Ògùn ti fà, ọ̀nà ti gbẹ, igbó ti jó. Ojú ọjọ́ tó dára fún ẹlẹ́ṣin ọdún Lísàbí dára fún ọmọ ogun pẹ̀lú. Òwu wà nínú odi nígbà méjèèjì.

Ní oṣù kẹwàá, ọmọ Òwu á ti ọ̀nà jíjìn wálé. Ọba Adégbóyèga Dòsùnmú, ẹni tó ń ṣe fíìmù kó tó jọba ní 2005, ló wà lórí ìtẹ́ títí di 2021. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé olóṣèlú máa ń pẹ́ lórí gbohùngbohùn ju arúgbó tó mọ oríkì lọ. Àwa òǹkọ̀wé náà ní ọdún tiwa níbí rí, Ake Arts and Book Festival, láti 2013. Ó kó lọ sí Èkó ní 2018, ó sì ń bá a lọ. Òwu náà kó ẹrù rẹ̀ báyẹn ni, àmọ́ ojúbọ kì í wọ inú ẹrù. Orílé-Òwu ti tún ní ilé báyìí, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n sì ń bọ Anlúgbùà níbẹ̀. Mi ò tíì débẹ̀. Owó ọkọ̀ ni mò ń tù jọ.