Ọ̀fẹ́ Fásitì Ifẹ̀ àti Ohun Tó Ń Bẹ Lẹ́yìn Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí bá ìtàn owó ilé-ẹ̀kọ́ mu ní Fásitì Ifẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló fi òfin dá a sílẹ̀ lọ́dún 1961. Ìjọba àpapọ̀ sì gbà á lọ́dún 1975. Lọ́dún 1977, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde pé owó ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ ní àwọn fásitì ìjọba àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ á jẹun, á sì sùn. Nígbà tó di ọdún 1978, owó ibùgbé fò láti 30 náírà dé 90 náírà; owó oúnjẹ náà gbówó lórí. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ́de wọn, "Ali Must Go", èyí tí Ṣẹ́gun Òkeòwò, ààrẹ ẹgbẹ́ wọn, ṣáájú. Ìbọn dún. Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Èkó, wà lára àwọn tó kú. Ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ náà.

Ní ọjà Yorùbá, ènì ni ohun tí a ń fi kún ọjà, ọlọ́jà ló sì ń fi í ta oníbàárà lọ́rẹ. Ní fásitì, òdìkejì rẹ̀ ni: ẹni tó ń rajà ló ń sanwó ènì.

Ọdún 45 kọjá, fásitì náà sì ti ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987. Ní oṣù keje ọdún 2023, ó kéde owó tuntun: 151,200 náírà fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, 89,200 fún àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Délé Àlàké, olùdámọ̀ràn Ààrẹ Tinubu, sọ pé ọ̀fẹ́ ṣì ni owó ẹ̀kọ́ ní fásitì ìjọba àpapọ̀. Owó ibùgbé, ìforúkọsílẹ̀ àti irú wọn ni wọ́n ń gbà.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ kíláàsì láìforúkọ sílẹ̀? Owó tí ènìyàn kò lè yẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe àfikún. Ara iye ọjà ni. Fásitì nílò owó iná àti omi, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ohun tó tọ́ sí òbí ni kí wọ́n dá iye gbogbo fún un kí ọmọ tó wọlé, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà lásán ni ọ̀fẹ́.