Ìtàn Owó Ilé ní Ìlú Èkó

Ó yẹ kí a mọ ìtàn ohun tí ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa ní Èkó, èyíinì ni owó ilé.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí yóò tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Ní àwọn ọdún 1950, ètò jáde láti wó àwọn ilé àárín ìlú, a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe di ẹni tí ń san owó ilé.

Láti ìgbà náà ni èrò ti ń pọ̀ sí i, tí ilé kò sì tó. Àwọn onílé mìíràn a máa gba owó ọdún 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ní 2011. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé titun, àti pé kí ó fún un ní rìsíìtì. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tí ń sanwó lọ́dọọdún yóò gba ìkìlọ̀ oṣù 6. Bí ó bá kọ̀ tí kò kó jáde, ilé ẹjọ́ ni kí onílé lọ, kì í ṣe kí ó ṣí òrùlé lé e lórí. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ayálégbé wa tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Kí àwa tí a sì kọ́lé sí Èkó rántí pé, kí a tó di onílé, ayálégbé ni a jẹ́.