Laika àti Àgò Tó Há: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Ń Tọ́ Ọmọ Ajá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n nínú àròkọ yìí mo fẹ́ fi ìtàn Laika hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan ajá pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957, orílẹ̀-èdè Soviet gbé Sputnik àkọ́kọ́ lọ sí òfurufú. Inú Khrushchev, olórí wọn, dùn gan-an. Ó fẹ́ kí òmíràn tẹ̀ lé e fún àyájọ́ 40 ọdún ìyípadà ìjọba wọn, tó bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní tó oṣù kan láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n sì pinnu pé ajá ni yóò wà nínú Sputnik kejì.

Ìgboro Moscow ni wọ́n ti mú Laika. Kò ní olówó. Wọ́n gbà pé ajá tó ti fara da òtútù àti ebi nígboro yóò lè fara da ìnira ìrìn àjò náà.

Ibi tó le jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni gbígbé inú àyè tó há. Wọ́n á fi òun àti àwọn ajá méjì mìíràn, Albina àti Mushka, sínú àgò, wọ́n á tún kó wọn sínú èyí tó kéré sí i, nígbà mìíràn fún nǹkan bí 20 ọjọ́. Ara wọn kò gbà á. Wọn kò tọ̀ mọ́, wọn kò yàgbẹ́ mọ́, ọkàn wọn kò sì balẹ̀.

Kí ọjọ́ tó pé, Vladimir Yazdovsky, dókítà tó wà nídìí iṣẹ́ náà, mú Laika lọ sílé kó lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ó mọ̀ pé ajá náà kò ní padà wá, nítorí wọn kò ṣe ètò kankan láti mú un sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, wọ́n gbé e lọ. Ó lè dìde, ó lè dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé ó lo ọjọ́ mélòó kan lókè. Ọdún 2002 ni òótọ́ tó jáde: wákàtí díẹ̀ péré ni ooru àti ìpayà fi pa á. Oleg Gazenko, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ ọ, ti sọ ní ọdún 1998 pé òun kábàámọ̀, nítorí ohun tí wọ́n rí kọ́ kò tó ẹ̀mí ajá náà.

Ní ọdún 1960, Belka àti Strelka lọ, wọ́n sì padà láàyè. Strelka bí ọmọ mẹ́fà, Khrushchev sì fi ọ̀kan, Pushinka, ta ìdílé Ààrẹ Kennedy lọ́rẹ.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ́ ọmọ ajá láti máa sùn nínú àgò lóru. Èmi kò sọ pé àgò burú. Ajá kì í fẹ́ ba ibi tó ń sùn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àgò fi wúlò. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ajá láti dìde, láti yí padà àti láti nà gbalaja. Ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ yóò ké, nítorí kò tí ì dá sùn rí. Kò sì lè mú ìtọ̀ dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó yẹ kí àgò rẹ̀ wà nítòsí ibùsùn ẹni tó ni ín, kí onítọ̀hún sì dìde lóru láti mú un jáde.

Nítorí àyájọ́ ìjọba ni wọ́n ṣe fi Laika sínú àgò. Kò sí àǹfààní kankan níbẹ̀ fún un. Mo rọ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ajá, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn àgò lálẹ́, ẹ bi ara yín bóyá ire ajá náà lẹ ń wá tàbí oorun tiyín nìkan.