Ẹ́ńjìnnì Ti Ń Ké Kí Ọkọ̀ Tó Dé

Bí ènìyàn bá ń kọjá ní Ọjà Igbó, àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ṣòro láti rí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n gbé ka orí táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sí ọkọ̀ nítòsí rẹ̀. Bátìrì wà nílẹ̀, wáyà méjì so mọ́ ọn, ike epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ́ńjìnnì náà sì ń ké bí ẹni pé yóò fò dìde. Ẹni tí ó fẹ́ rà á dúró, ó ń tẹ́tí sí i. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń sọ pé ìwà àwa ènìyàn dúdú nìyí, pé òyìnbó kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Mo kọ àròkọ yìí láti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ẹ́ńjìnnì tó wọ inú ọkọ̀ rárá ni wọ́n ti ń dán an wò ní ìta, ó sì tọ́ kí a máa dán an wò. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ni ó kù díẹ̀ káàtó, àwọn ọmọ tí kò jù mí lọ ni wọ́n sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní 1876, Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, tí ó ń fún un pọ̀, tí ó ń dáná sí i, tí ó sì ń tú èéfín rẹ̀ dànù. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí náà ni ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ṣì ń gbé títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Otto kò sí nínú ọkọ̀. Ojú kan ni ó dúró sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa yí àwọn ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé iṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1879, nígbà tí ọdún ń lọ sópin, Karl Benz àti Bertha ìyàwó rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní ìlú Mannheim nígbà tí ẹ́ńjìnnì tí Benz ṣe kọ́kọ́ dáhùn. Ó di ọjọ́ 29 oṣù Kínní 1886 kí ó tó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọdún mẹ́fà tí ẹ́ńjìnnì fi ṣáájú ọkọ̀.

Ti Henry Ford ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní alẹ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1893, Ford gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí ó fi àjákù irin ṣe wọ ilé ìdáná wọn ní Detroit, ní Amẹ́ríkà. Orí pákó ni ó dè é mọ́, ó sì fún pákó náà mọ́ síǹkì. Clara ìyàwó rẹ̀ ń se oúnjẹ ọdún lọ́wọ́; ọmọ wọn Edsel kò tíì pé oṣù méjì. Ford ní kí Clara wá máa kán epo pẹtiróòlù sí i díẹ̀díẹ̀, òun sì ń yí ìwílì rẹ̀. Iná mànàmáná ilé ni ó fi ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n, ó sì ké. Ní oṣù Kẹfà 1896 ni Ford tó wa ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi mọ́ pé òyìnbó kò ṣe irú rẹ̀. Ó ṣe é, ó dè é mọ́ nǹkan kí ó má baà fò, èyí dára. Ṣùgbọ́n ó ṣe é nínú ilé tí ọmọ ọwọ́ wà, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ máa fi ọwọ́ kán epo sí i. Èyí kò dára rárá.

Báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe wá di tiwa? Ojú irin tí ìjọba àmúnisìn là láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908. Kò yà sí Ọ̀yọ́, kò yà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mọ́tò ni ó ṣe iṣẹ́ ojú irin fún àwa. Ní 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ibi tí mọ́tò bá sì dé, ẹni tí yóò máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ní Èkó, William Akínọlá Dáwódù, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ títúnṣe, di ẹni tí ó ń kó mọ́tò wọlé tí ó sì ń tà á. Àwọn ènìyàn wa kò jókòó kí òyìnbó wá máa bá wọn tú bóòtù.

Síbẹ̀, kì í ṣe mọ́tò nìkan ni ó kọ́ ará ilé wa ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ ìlọta náà wà níbẹ̀. Èyí tí àwọn àgbà mọ̀ jù ni Lister, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kí ó tó dáhùn, dísù ni ó ń mu. Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, igbe rẹ̀ ni àwọn fi ń mọ̀ pé onílọta ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ kọnkéré. Dúrọ́ọ̀mù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi gbígbóná ń gòkè wọ inú rẹ̀, tútù ń sọ̀kalẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Páìpù gígùn gbé èéfín rẹ̀ gba òrùlé jáde. Ìdè, omi, àti ọ̀nà èéfín: nǹkan mẹ́ta yìí ni ẹ́ńjìnnì tí kò sí nínú ọkọ̀ ń fẹ́, onílọta ọjà wa sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún kan náà. Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá wá pọ̀ nílùú. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, bóòtù mẹ́rin péré ni ó dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú, kò lo omi. Bàbá kan tí ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà náà ṣàlàyé fún mi pé, "Ọmọ mi, èèyàn mẹ́ta ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ara gíábọ́ọ̀sì ni sítátà rẹ̀ wà, torí náà ọ̀gá mi ní gíábọ́ọ̀sì àlòkù kan tí a máa ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ká tó dán an wò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò lórí táyà lásán." Mo béèrè ohun tí ó yí i padà. Bàbá ní, "Ọjà ni."

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò SAP ní 1986, dọ́là kan ti di bíi náírà mẹ́rin ní 1987. Ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, Tòkunbọ̀ gba ìlú. Ẹ́ńjìnnì àlòkù láti òkè òkun kún Ládípọ̀ ní Múṣin, ó kún Aráròmí ní Géètì, Ìbàdàn, láti ibẹ̀ ni ó sì ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ni yóò san owó rẹpẹtẹ lórí irin tí kò mọ bóyá ó kú tàbí ó yè? Olùrà ní dandan kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Olùtajà náà ní ogún ẹ́ńjìnnì láti tà, kò ní àyè láti de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí táyà ṣe rọ́pò ìdè nìyẹn. Ìdánwò náà di ẹ̀rí láàárín ẹni méjì tí kò mọra, ẹ̀rí náà dára, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ni ó ń san owó rẹ̀.

Mo mọ ọ̀kan lára wọn. A jọ wà ní JSS 2 kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí ó máa da pẹtiróòlù láti inú ike sí ẹnu kábúrétọ̀ ẹ́ńjìnnì kan tí kò fẹ́ dáhùn. Ẹ́ńjìnnì náà sín iná sókè, iná sì ran ike tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Ìka méjì kò ká mọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kì í ṣe ọlẹ, kì í sì í ṣe aláìgbọràn. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Iṣẹ́ tí Ford bẹ Clara ní 1893 ni wọ́n bẹ òun náà. Láti ìgbà náà ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì yẹ kí nǹkan ti yàtọ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí a máa ṣe? Mo bi Bàbá mẹkáníìkì àti olùkọ́ fíṣíìsì wa, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì papọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìdè. Newton ti kọ ọ́ ní 1687 pé kò sí agbára tí kò ní alátakò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ọ̀pá inú rẹ̀ sí apá kan, ara rẹ̀ ń fẹ́ yí sí apá kejì, pàápàá bí a bá fún un ní epo lójijì. Férémù irin tí ó fẹ̀ nídìí, tí a de ẹ́ńjìnnì mọ́ níbi tí wọ́n ń gbà dè é mọ́ ọkọ̀, ni yóò dá a dúró.

Èkejì, kí a yẹ ọ́ìlì wò, kí a so ráádíétọ̀ àti omi mọ́ ọn, kí a sì fi géèjì ọ́ìlì sí i, nítorí iná tí ó ń kìlọ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò sí níta. Bí géèjì kò bá gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí a pa á.

Ẹ̀kẹta ni epo. Kí ó wà nínú agolo tí ó ní ìdérí, kí ó jìnnà sí páìpù èéfín, kí rọ́bà tí a fún dáadáa gbé e wọlé. A kì í fi ọwọ́ dà á. Kí yanrìn tàbí ẹ̀rọ ìpaná wà nítòsí.

Ẹ̀kẹrin, kí wáyà nípọn, kí a so ọ̀kan mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì gírígírí, kí bátìrì má sì sún mọ́ epo, nítorí ìṣáná rẹ̀. Kí ẹnì kan dúró ti ohun tí a fi ń pa á, kí ó má ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ìta gbangba ni kí a ti ṣe é. Carbon monoxide tí ó wà nínú èéfín kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani nínú yàrá. Ẹni tí ó wọ aṣọ tí apá rẹ̀ fẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì àti fáànù.

Ẹnìkan lè sọ pé owó ni gbogbo èyí. Mo bi wẹ́dà kan léèrè, ó ní àjákù irin tí ó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun tó láti ṣe férémù kan, mẹkáníìkì mẹ́wàá sì lè jọ máa lo ẹyọ kan. Mo bẹ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì pé kí wọ́n ṣe ẹyọ kan sí ojúlé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin òbí pé, kí ẹ tó fi ọmọ yín sẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bí ó ṣe ń dán ẹ́ńjìnnì wò.

Kí mẹkáníìkì tó dé, alágbẹ̀dẹ ni ó ń bá irin àti iná ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó ń fi ọwọ́ lásán di irin gbígbóná mú; ẹ̀mú ni ó kọ́kọ́ ń rọ. Ó tó àkókò kí a rọ ẹ̀mú ti ẹ́ńjìnnì.