ÌTÀN GẸ̀GẸ̀ ÀTI IYỌ̀ INÚ ỌBẸ̀ WA

Ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Bí ọrùn obìnrin bá wú, àwọn kan á ní àfọwọ́fà ni, àwọn kan á ní àrùn ìdílé ni. Ẹ gbọ́ bí aráyé ṣe mọ ohun tó sábà máa ń fà á.

Átọ̀mù ni wọ́n ń pe èérún kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí a fi kọ́ gbogbo nǹkan. Oríṣi átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni ẹ́límẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá so mọ́ra, wọ́n á di nǹkan mìíràn. Sódíọ̀mù àti klórínì léwu bí kálukú bá dá wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so pọ̀, iyọ̀ tí à ń jẹ ni wọ́n ń dà.

Áyódíìnì náà jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì. Ní 1811, ní ilẹ̀ Faransé, Bernard Courtois ń fi eérú koríko òkun ṣe èròjà ẹ̀tù ìbọn. Ó da ásíìdì sí i ju bó ṣe yẹ lọ, èéfín elésè àlùkò sì rú jáde. Bí wọ́n ṣe rí áyódíìnì nìyẹn.

Ní 1820, Dókítà Coindet ní ìlú Geneva fún àwọn alárùn gẹ̀gẹ̀ lò. Ọrùn ọ̀pọ̀ wọn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àlòjù ṣe àwọn mìíràn léṣe, ẹ̀rù sì ba àwọn ènìyàn. Ní 1895 ni Eugen Baumann, ará Jámánì, rí áyódíìnì nínú táíróìdì gan-an, ẹ̀yà ara tó rí bí labalábá níwájú ọ̀fun.

Táíróìdì máa ń fa áyódíìnì láti inú ẹ̀jẹ̀, á so átọ̀mù rẹ̀ 4 pọ̀ mọ́ èròjà mìíràn láti fi ṣe táíróksìn. Táíróksìn ló ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, òun náà ni ọpọlọ ọmọ inú oyún nílò láti dàgbà. Bí áyódíìnì bá wọ́n, táíróìdì á máa làkàkà, á máa tóbi. Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé ọpọlọ ọmọ lè má pé.

Ní ìlú Akron, ní Amẹ́ríkà, láti 1917, David Marine àti O. P. Kimball fún àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 2,000 ní áyódíìnì díẹ̀. Àwọn 5 péré ni gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn wọn. Nínú àwọn tí kò lò ó, tí àwọn náà lé ní 2,000, ó sún mọ́ 500. Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú iyọ̀ ní 1922, ìpínlẹ̀ Michigan ní 1924. Ní Nàìjíríà, ètò tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1993.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe báyìí:

✅ Iyọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n kọ "Iodised" sí ni kí ẹ rà.
✅ Ẹ dé e pa. Oòrùn àti ọ̀rinrin máa ń lé áyódíìnì lọ.
✅ Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i.
✅ Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa kí ẹ tó yan gàárì. Oró inú rẹ̀ máa ń dí áyódíìnì lọ́nà.
❌ Ẹ má fi kún iyọ̀ yín torí ọ̀rọ̀ yìí. Áyódíìnì tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò tó orí píìnì, iyọ̀ àjẹjù sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru.
❌ Ẹ má mu áyódíìnì tí wọ́n fi ń nu egbò. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá wú, kó lọ sí ilé ìwòsàn, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àìtó áyódíìnì ń fà.

Iyọ̀ wà lára ohun tí a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ti jẹ èyí tó ní áyódíìnì láti ìgbà tó ti wà nínú oyún.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ire o.