Eré Ọmọdé gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Ogun Òmìnira Àlgéríà nínú Fíìmù J'ai huit ans

Àwọn onímọ̀ ìtàn kì í sábà ka eré ọmọdé sí ẹ̀rí. Ìwé ìjọba àti ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni wọ́n ń gbára lé. Fíìmù kékeré kan tí Yann Le Masson àti Olga Poliakoff ṣe ní 1961 ni a fi ń ta ko èrò yìí. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni 'Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí'.

Àwọn ọmọ Àlgéríà tí wọ́n sá fún ogun (1954–1962) lọ sí Tùnísíà ló ya àwòrán inú rẹ̀. Frantz Fanon, dókítà ààrùn ọpọlọ tó wà ní Tunis nígbà náà, wà lára àwọn tó pilẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún. Níbi gbogbo, eré ni àwòrán yíyà jẹ́ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà, ìbọn àti òkú ni àwọn wọ̀nyí yà. Ojú wọn nìkan ni a kọ́kọ́ rí, tí wọ́n ń wò wá; lẹ́yìn náà ni àwòrán dé, tí ohùn wọn sì ń ròyìn ohun tí wọ́n fojú rí.

Àwọn kan lè sọ pé àgbà ló kọ́ wọn. Lóòótọ́, àwọn tó ṣe fíìmù náà ti gbè sẹ́yìn Àlgéríà, a kò jiyàn rẹ̀. Àgbà lè kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó kọ́ ọ bí ṣọ́jà ṣe tóbi tó lójú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ìjọba Faransé pàápàá kò kà á sí eré lásán: wọ́n fòfin de fíìmù náà, ọlọ́pàá sì ń gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í hàn.